Owú Tó Gbé Kyakimwa Dìde

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Kyakimwa jẹ́, kó lọ bi àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ lókè ìlú Butembo. Wọ́n á sọ fún un pé bí olùkọ́ bá yin ọmọ mìíràn, inú ló máa ń run Kyakimwa. Kò ní sunkún, kò ní jà. Á kàn fọwọ́ di ikùn mú, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Ọmọ tí olùkọ́ sì ń yìn jù ní kíláàsì náà ni Mbambu, ọmọ àdúgbò rẹ̀, tí ilé wọn ò ju ilé mẹ́ta sí tiwọn lọ.

Ìyá Kyakimwa a máa kìlọ̀ fún un pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ní ti èyí, irọ́ ni ìyá rẹ̀ pa. Kyakimwa sanra, ó dára, ó mọ iṣẹ́ aṣọ rírán ju ọ̀gá tó kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá yin aṣọ tó rán, á bi ọ́ pé aṣọ ta lo ti rí tẹ́lẹ̀ tó dára jù ú lọ.

Ohun tó wá sọ owú náà di àìsàn ni ọ̀rọ̀ Ndungo. Kápíńtà ni Ndungo. Òun ló ń gbẹ́ chukudu, kẹ̀kẹ́ onígi tí wọ́n fi ń ru ọ̀dùnkún àti èédú sọ̀kalẹ̀ látorí òkè wá sí ìlú. Mbambu ló kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Bàbá Mbambu ní ewúrẹ́ méjìlá ni òun máa gbà fún owó orí. Àwọn ará ilé Ndungo ti kó mẹ́sàn-án jọ sí oko wọn lójú ọ̀nà Beni nígbà tí àwọn oníbọn tó ń gbé inú igbó já wọ abúlé náà. Wọ́n kó ewúrẹ́ lọ, wọ́n sì ti iná bọ ilé. Bàbá Mbambu dúró ọdún kan gbáko. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó fi ọmọ rẹ̀ fún oníṣòwò kan ní Kasindi, létí ààlà. Lẹ́yìn ọdún kan sí i ni Ndungo wá kan ilẹ̀kùn àwọn òbí Kyakimwa. Ewúrẹ́ mẹ́rin ni bàbá tirẹ̀ gbà.

Ọkọ dáadáa ni Ndungo. Kì í mu ọtí, kì í lù ú, bó bá sì dé láti ṣọ́ọ̀bù, a máa gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára kó tó wọlé. Síbẹ̀, bí Kyakimwa bá ń wò ó bó ṣe ń jẹun, ohun tó máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé: olè ló fún mi ní ọkùnrin yìí. Bí kì í bá ṣe àwọn tó jí ewúrẹ́, ilé ẹlòmíràn ni ì bá ti máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wà láìbímọ. Lẹ́yìn náà ló bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Kanyere. Ọmọ náà rẹwà, ó sì fẹ́ràn ọmú bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lébi rí. Fún oṣù díẹ̀, ọkàn Kyakimwa balẹ̀. Kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kankan.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ náà ni Mbambu padà dé. Wọ́n yìnbọn pa ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, òun àti awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù. Mbambu ò bímọ fún un, àwọn ará ilé ọkọ sì ti kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé. Àpò kan ló gbé wá sílé ìyá rẹ̀. Kyakimwa lọ kí i pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò, ó jókòó, ó bá wọn sunkún, omijé gidi sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ndungo wọlé láti kí opó náà, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò nínú omijé yẹn, láti mọ bó ṣe máa wo obìnrin náà àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó mójú kúrò.

Àrùn dé lẹ́yìn náà. Ní Beni la ti kọ́kọ́ gbọ́ Ẹ̀bólà, ó wá ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ń gbé òkú nínú ọ̀rá ní Butembo. Ìyá Mbambu kó o níbi tó ti lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀. Mbambu ló wẹ ìyá rẹ̀, òun ló bọ́ ọ, òun ló gbá a mọ́ra títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ funfun wá gbé òun náà. Ó rìn lọ wọ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn sì dúró jìnnà, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo iná tó ń jó oko ẹlòmíràn.

Kyakimwa wà lójú fèrèsé. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kò dára, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi pẹ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú tì í, ó sì kúnlẹ̀ gbàdúrà fún Mbambu, ṣùgbọ́n ẹrù tó ti sọ̀ kò padà.

Mbambu ò kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n dá a padà pẹ̀lú orin, wọ́n fún un ní ìwé pé kò ní àrùn lára mọ́. Irun rẹ̀ ti já, ojú rẹ̀ ti kó wọnú, ó sì ti di egungun. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ òkúta wọ ilé ìyá rẹ̀, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ta omi fún un. Ndungo ló gbé pákó lọ, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn tuntun, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ọjọ́ méjì lo fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn," Kyakimwa sọ fún un nígbà tó dé.

"Pákó rẹ̀ le."

"Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tèmi ti já láti ìgbà ọdún Kérésìmesì."

Ndungo bọ́ bàtà rẹ̀. "Ìyá Kanyere, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ni obìnrin yẹn ń sùn sí."

"Mo mọ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe ọ́. Àánú ni mo ń pè é."

 Lọ́jọ́ kejì Ndungo tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe, ìyẹn sì tún bí Kyakimwa nínú, nítorí wákàtí kan péré ló fi ṣe é.

Kò pẹ́ tí wọ́n fún Mbambu níṣẹ́ ní ibùdó ìtọ́jú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹni tí Ẹ̀bólà bá ti mú tí kò pa, kì í sábà mú un mọ́, nítorí náà wọ́n ń wá irú wọn láti máa gbé àwọn ọmọ tí ìyá wọn wà lórí àìsàn. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àwọn obìnrin wọ̀nyí á pọ̀n ọ́n, á bọ́ ọ, á sùn tì í. Ọkọ̀ ń wá gbé Mbambu láàárọ̀. Irun rẹ̀ hù padà. Ẹran padà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn tí kò fẹ́ ta omi fún un ti ń pè é ní "màmá" lójú pópó.

Kyakimwa jókòó nídìí maṣíìnì rẹ̀, ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́. "Wọ́n ń sanwó fún un nítorí pé kò kú," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àga súnmọ́ ọn. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ará ìlú. Wọ́n ní àwọn àlejò ló gbé àrùn náà wá láti fi ṣòwò. Wọ́n ní kí ló dé tí wọn ò sáré báyìí nígbà tí wọ́n ń fi àdá pa wá lóko, tó jẹ́ ti ibà yìí nìkan ni wọ́n gbé ọkọ̀ tó pọ̀ tó báyìí wá. Ìbéèrè gidi wà nínú rẹ̀, irọ́ sì wà níbẹ̀. Kyakimwa ò gba èyí tó pọ̀ jù gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ń sọ ọ́, á fi orúkọ Mbambu kún un, á sì máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún kejì àrùn náà, obìnrin kan kú lójú pópó wọn. Ọjọ́ kejì, àwọn oníṣẹ́ ìlera wá pẹ̀lú àpótí yìnyín. Ọkùnrin méjì ni, àti obìnrin kan tó gbé ìwé, Mbambu sì wà níwájú wọn, nítorí wọ́n ní ará àdúgbò ló yẹ kó bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀.

"Kú àárọ̀ o, ìyá Kanyere," Mbambu ní.

"Kú àárọ̀." Kyakimwa ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

"O mọ obìnrin tó kú yẹn. A fẹ́ kí gbogbo ojú pópó yìí gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ti ní ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà lè gbà á báyìí. Bàbá Kanyere ti gba tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Kyakimwa gbọ́: pé Mbambu ti kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun.

"Ó gbà á?"

"Ó gbà á. Kò tilẹ̀ jiyàn."

"Ìwọ lo bá a ká apá ẹ̀wù?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mbambu ò rẹ́rìn-ín. "Kyakimwa, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí la wá sọ."

"Ẹ̀mí ta ni? Láti ìgbà tí àrùn yìí ti dé, mi ò tíì rí ẹni tó jèrè rẹ̀ tó ọ. Ọkọ̀ ń gbé ọ. Bàtà rẹ tuntun. Bó bá tán lọ́la, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sunkún."

"Mo sin ìyá mi nínú rẹ̀," Mbambu ní, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà. "Gba abẹ́rẹ́ yìí. Bínú sí mi lẹ́yìn tí o bá gbà á tán."

"Ẹ máa lọ sí ilé tó kàn."

Wọ́n lọ. Kyakimwa rí i pé òwú ti wọ́ mọ́ abẹ́ maṣíìnì, aṣọ oníbàárà sì ti ya. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni wọ́n rán wá, òun ì bá ti na apá jáde.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí oníbàárà kan, Kaswera, wá wọn aṣọ ọ̀fọ̀. Òógùn bo obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ó tó jókòó dáadáa, ó bì sórí bẹ́ǹṣì. Kyakimwa fi àgékù aṣọ nù ún, ó di apá rẹ̀ mú, ó sìn ín dé oríta. Ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ibà mú Kyakimwa. Ó ní ibà ẹ̀fọn ni. Ó ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó lò ó fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè gbé orí.

Ndungo wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò súnmọ́ ọn. "Mo ti pè wọ́n."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará ibùdó. Wọ́n ti ń bọ̀."

"Ìwọ àti Mbambu lẹ jọ pè wọ́n?"

"Èmi nìkan ni mo pè wọ́n," Ndungo sọ, ó sì ń sunkún. "Gbé ọmọ sílẹ̀, ìyá Kanyere. Jọ̀ọ́, má fún un lọ́mú mọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mu láàárọ̀.

Ní ibùdó, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sínú yàrá kékeré kan. Ìrọ̀lẹ́ ni èsì dé. Àrùn wà lára ìyá, wọn ò rí i lára ọmọ. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹnìkan wọlé tó fi ìbòjú bo imú, tó wọ ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù aláwọ̀ òfeefèé. Kyakimwa mọ ìrìn náà kó tó rí ojú. Láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún méje ló ti ń wo ìrìn yẹn.

"Gbé e fún mi," Mbambu ní.

"Pe ẹlòmíràn."

"Kò sí ẹlòmíràn. Àwa mẹ́ta ni. Ọ̀kan ń ṣàìsàn nílé, èkejì gbé ọmọ méjì dání. Gbogbo àwọn yòókù tó wà níta yìí, bí wọ́n bá gbé e, àrùn lè mú wọn."

"Mbambu, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

"Mo mọ̀." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e fún mi."

Kanyere, tí kì í lọ sọ́dọ̀ àlejò, na ọwọ́ tirẹ̀ padà. Ó ní ohun tó ń fà á, bóyá àwọ̀ ẹ̀wù náà ni. Kyakimwa ò gbàgbé ọwọ́ kékeré méjì yẹn.

Wọ́n tẹ́ Kyakimwa sínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara, kí àwọn tó wà níta lè máa rí i láìfọwọ́ kàn án. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wọlé ti bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, orúkọ wọn ni wọ́n kọ sáyà tí a fi ń dá wọn mọ̀. Ara rẹ̀ ń ro ó títí dé inú egungun. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmú rẹ̀ kún, ó le bí òkúta, omi ọmú ń ro sórí ibùsùn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni Mbambu wá sí ara ògiri ike náà pẹ̀lú Kanyere lẹ́yìn. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó gbé e sójú Kyakimwa, ó sì ti ìgò wàrà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ náà ń mu ún, ó ń wo ojú Mbambu, ó ń fi ìka yí ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń yí ti ìyá rẹ̀.

"Ó jẹun dáadáa," Mbambu pariwo kí ohùn rẹ̀ lè gba inú ike kọjá. "Kò ní ibà."

Kyakimwa yí ojú sí ògiri kejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé ẹ̀kọ ìyẹ̀fun àgbàdo àti omi oníyọ̀ tó níṣúgà wá. Kò fẹ́. Ó fẹ́ sùn, oorun náà sì dùn, ó jinlẹ̀, ó mọ̀ pé bí òun bá lọ sínú rẹ̀, òun ò ní padà, ọ̀rọ̀ náà ò sì já a láyà. Ibẹ̀ ló wà tí èrò kan fi wọlé. Bí mo bá kú, Ndungo á ṣọ̀fọ̀ ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ó máa fẹ́ Mbambu. Kò ní sẹ́ni tó máa béèrè ewúrẹ́ lórí opó. Ọmọ mi á máa pè é ní ìyá, kò sì ní rántí pé ẹnìkan wà rí. Wọ́n á gbé maṣíìnì mi sínú ilé tó ní ilẹ̀kùn tuntun yẹn, Mbambu ò sì mọ aṣọ rán.

Ó na ọwọ́ sí ife. Ó da ìdajì sáyà. Ó mu ìyókù. Ó bì í. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

"Ìyá, ẹ rọra," nọ́ọ̀sì náà ní.

"Bù ú wá."

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Wọ́n ń fún un ní oògùn tí ń gba okùn wọnú iṣan, ìyẹn ṣe tirẹ̀, mi ò sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n Kyakimwa fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn ènìyàn títí dòní pé owú lòun fi gbé ẹ̀kọ mì. Bí aago mẹ́wàá bá ti ń súnmọ́, á ní kí wọ́n gbé òun jókòó, kí wọ́n nu òun lójú, kí wọ́n fi ìborí tí wọ́n fún òun wé orí òun dáadáa. Kò fẹ́ kí ọmọ rí òun bí òkú. Kò sì fẹ́ kí Mbambu rí i.

Ọjọ́ kọkànlá, òjò ń rọ̀ láàárọ̀, ìbọn dún lẹ́nu géètì. A ò mọ àwọn tó wá, títí dòní kálukú ló ní orúkọ tó ń fún wọn. Ṣọ́jà méjì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dáhùn, lẹ́yìn náà ìbọn wọn dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sá. Èéfín ọkọ̀ tó ń jó wọ inú àgbàlá, ó bo ògiri ike náà, Kyakimwa ò sì rí nǹkan kan mọ́. Ó gbìyànjú láti dìde. Ó já sílẹ̀, ó ń rákò títí ó fi kan ògiri, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ Mbambu.

Ìbọn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wá. Omi tó wà nínú okùn tán. Nígbà tí ọ̀sán ń lọ, nọ́ọ̀sì kan padà, ó gbé Kyakimwa padà sórí ibùsùn.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Yàrá wọn ṣófo, ìyá. A ò tíì mọ ibi tí wọ́n wà."

Ó ṣọ́ ojú ọ̀run títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ohun tó ti rò sí Mbambu láti ìgbà ọmọdé ń kọjá lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó lè mú kúrò. Ó kàn ń sọ pé: kó jẹ́ pé ẹ̀yìn Mbambu ni ọmọ mi wà. Kó máà jẹ́ pé ó ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Òwúrọ̀ ni Mbambu yọ sí ara ògiri ike. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní bàtà. Ó pọn Kanyere, ó fa ọmọ mìíràn lọ́wọ́, ọ̀kan sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀yìn ọgbà sá wọ inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pamọ́ sábẹ́ àká àgbàdo ẹnìkan.

"Ó sùn?" Kyakimwa béèrè. Kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

"Ó sùn. Ó yàgbẹ́ sí mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"O ò sọ fún mi."

Kyakimwa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún ní ìhà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń gbọ̀n. Bí inú rẹ̀ sì ṣe ń dùn tó, owú ò kúrò níbẹ̀. Òun kọ́ ló sá wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ òun. Ọpẹ́ àti owú wà nínú rẹ̀ bí epo àti omi nínú ìkòkò kan, wọn ò sì pò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n fún un ní ìwé tirẹ̀. Ndungo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ra ìborí tuntun fún un. Mbambu gbé Kanyere jáde, ara ọmọ náà dá ṣáṣá. Kyakimwa na ọwọ́. Ọmọ náà wò ó, ó wo orí rẹ̀ tí irun ti já, ó fi ojú pamọ́ sí ọrùn Mbambu, ó sì ké.

Ọmọ náà ò gbà fún un lọ́jọ́ yẹn, kò gbà lọ́jọ́ kejì. Ọmú tó ì bá fi tù ú, wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ fún un mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Mbambu á wá láti ibi iṣẹ́, á jókòó sórí àga Kyakimwa, á kọrin fún ọmọ náà títí á fi sùn, Ndungo á sì gbé tíì fún un. Ọjọ́ karùn-ún, Kyakimwa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Má wọlé."

Mbambu dúró.

"O ti ṣe é. Ọlọ́run á san án fún ọ, èmi náà á máa gbìyànjú láti san án. Ṣùgbọ́n bí o bá ń wá, kò ní padà sọ́dọ̀ mi láéláé. Jẹ́ kó ké."

Mbambu wo inú ilé, níbi tí ọmọ náà ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tó sì ń rákò bọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá. Ó yípadà, ó sì yára lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kyakimwa rí nǹkan kan tí òun ní tí Mbambu ń fẹ́. Ó rò pé yóò dùn mọ́ òun. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kanyere ké ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀.

Ibùdó náà bẹ Kyakimwa níṣẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì. Ó gbà á. Àwọn kan lójú pópó sọ fún un ohun tó ti máa ń sọ nípa Mbambu, pé wọ́n ń sanwó fún un nítorí pé kò kú. Ó dáhùn pé òótọ́ ni. Òun àti Mbambu ló jọ ń fọ ìgò wàrà ní ọ̀sán kan, tí àwọn ọmọ sùn, nígbà tó jẹ́wọ́ fún un.

"Abẹ́rẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí pé ìwọ lo mú un wá ni mi ò ṣe gbà á."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Bí wọ́n bá rán ìwọ sí mi, èmi náà ò ní gbà á." Mbambu gbọn omi kúrò nínú ìgò. "Ọdún mẹ́fà tí o fi wà nílé Ndungo tí o ò bímọ, mo ń gbọ́ ọ ní Kasindi. Inú mi ń dùn. Mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tilẹ̀ san owó ọpẹ́. Alùfáà bi mí pé ọpẹ́ kí ni, mo ní ara líle."

 Kyakimwa ń wo ọwọ́ obìnrin náà nínú omi ọṣẹ.

"Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ yẹn fún mi," Mbambu ní, "ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bó bá kú lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run á rò pé mo tún wá dúpẹ́."

"Olórí burúkú ni ọ́."

"Àwa méjèèjì ni. Na aṣọ ìnuwọ́ yẹn sí mi."

Wọn ò di ọ̀rẹ́ tí ń di ọwọ́ ara wọn mú rìn. Wọ́n ṣì ń díje lórí ẹni tí ọmọ tó ń ké máa kọ́kọ́ dákẹ́ fún. Bí wọ́n bá sì yin Mbambu nínú ìpàdé, Kyakimwa á ní òun fẹ́ lọ fọ ìgò.

Àrùn náà rọlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú ibùdó náà palẹ̀. Ìbọn ò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ara wa. Mbambu rí ọkọ, awakọ̀ kan láti Bunia, ó sì gbé aṣọ wá fún Kyakimwa pé kó rán ẹ̀wù ìgbéyàwó òun. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rán an. Ó ṣeé ṣe fún un láti jẹ́ kó há mọ́ Mbambu lábẹ́ apá díẹ̀, ó sì rò ó. Ó tú ibẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un rán. Ẹ̀wù náà bá Mbambu mu débi pé gbogbo ìjọ dákẹ́ nígbà tó wọlé, ó sì dun Kyakimwa púpọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Nígbà tí ọkọ̀ ìyàwó fẹ́ gbéra, Kanyere, tó ti ń sáré kiri, wọ inú rẹ̀ lọ, ó jókòó, ó ní Bunia lòun ń lọ. Mbambu gbé e sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ké dé oríta. Kyakimwa ra ẹ̀pà fún un níbẹ̀. Kí wọ́n tó gun òkè dé ilé, ó ti jẹ ẹ́ tán, ó ń béèrè òmíràn.